Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Àwọn Àgbà Odò Ọ̀tìn àti Òfin Àjèjì Ilẹ̀ Ghánà

Ẹni tí ó bá gba ojú irin láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò kọjá ní Ìkìrun Agúnbẹ́, yóò sì bọ́ sí agbègbè odò Ọ̀tìn níbi tí Ìnísà àti Òkukù tẹ̀dó sí. Bí ó bá sì sọ̀kalẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ká àárín àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó dúró láàárín àwọn agbo ilé, yóò mọ̀ pé kì í ṣe owó iṣu àti àgbàdo nìkan ni a fi kọ́ wọn. Kòkó kọ́ díẹ̀. Àwọn mìíràn, ọjà Kumasi àti ọjà Tamale ni ó kọ́ wọn, láti ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí wọ́n ṣòwò níbẹ̀ títí irun fi funfun lórí wọn, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sìnkú síbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí síbẹ̀, kí ó tó di ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, tí ìjọba ilẹ̀ náà kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a rí tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá péré.

Ìtàn òfin yẹn ni mo fẹ́ sọ, àti ti àwọn àgbà ìlú, àwọn àfáà àti àwọn pásítọ̀ tí wọ́n fi ara wọn ṣe odi láàárín òfin àti àwọn ènìyàn wọn, tí odi náà kò sì gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí ojú padà sí ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará agbègbè yìí kò tíì mọ ọ̀nà Kumasi rárá.

Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní ohun tí ń jẹ́ àlejò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, tí àwọn Ìlọrin ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá, tí àwọn Ìbàdàn ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì ń gbára wọn jọ láti ìhà ìlà-oòrùn, ojú ọ̀nà ogun gan-an ni agbègbè Ọ̀tìn bọ́ sí, kò sì sí ìlú kékeré tí ó lè dá ara rẹ̀ gbà. Òkukù tú. Àwọn ará rẹ̀ ká ẹní, wọ́n gbé òrìṣà, wọ́n tẹ̀lé ọba wọn lọ sá di Ìkìrun, ìlú tí Ìbàdàn sọ di ibùdó ogun, tí ogun Jálumi sì jà létí odi rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, níbi tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ti fi ojú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì rí màbo. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn àgọ́ ogun tú ká ní 1893 ni ilẹ̀ tó tutù tó fún àwọn ará Òkukù láti padà sí ahoro bàbá wọn kí wọ́n sì tún un kọ́.

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi jẹ́ àlejò yẹn, wọn kò sọ oríkì wọn nù, wọn kò sì sọ ọba wọn nù. Olókukù ń jẹ́ Olókukù ní ìlú onílùú, ṣùgbọ́n Akìrun, ọba Ìkìrun, ni ó ni ilẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wa, ẹjọ́ àlejò, ọ̀dọ̀ olórí àwọn àlejò ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ju agbára olórí náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí iwájú onílé, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò dúró fún un, yóò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà ní agbára nítorí pé ènìyàn ni à ń bẹ̀: ẹni tí ó mọ ojú, tí ó mọ ìdílé, tí ó sì mọ̀ pé ogun tí ó lé àwọn wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ òun lónìí lè lé òun náà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ètò yìí ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ogun lé kiri gbé lọ́wọ́ nígbà tí òwò gbé wọn kúrò nílé.

Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kì í ṣe tuntun. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn oníṣòwò ti ń ti Ìlọrin gba ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá lọ sí Salaga lọ ra obì gbàǹja. Ohun tí ìjọba òyìnbó ṣe ni pé ó fẹ ọ̀nà náà lójú. Ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ gba agbègbè wa kọjá ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún, ó sì ti dé Jẹ́bà ní 1909. Owó orí dé, ó sì di dandan kí ọkùnrin máa wá owó lójú méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ dúró de kòkó títí yóò fi so ń gbọ́ pé góòlù ń bẹ, pé kòkó ti gbó, pé owó ń yí lọ́wọ́ onílé àti àlejò ní ilẹ̀ Àṣáńtì. Láti 1912 títí di òpin àwọn ọdún 1950, owó kan náà ni à ń ná ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast, tó bẹ́ẹ̀ tí ṣílè tí ènìyàn pa ní Kumasi kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ́ ẹ kí ó tó fi san owó orí ní Ìkìrun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń ṣàkóso àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ Dàhòmì àti Tógò tí ó wà láàárín nìkan ni ó yàtọ̀, àwọn tí ó bá sì fẹ́ yẹra fún wàhálà Faransé lè bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Èkó.

Bí wọ́n ti ń ṣe òwò náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe. Ọmọdé kan yóò ti Ìnísà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Tamale. Yóò máa gbálẹ̀ ìsọ̀, yóò máa ru ọjà kiri àwọn abúlé Dàgọ́ńbà: abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, dígí, àgádágodo, aṣọ òyìnbó, ohun gbogbo tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ń tà ní òsùnwọ̀n ńlá tí tálákà sì ń rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n yóò fún un ní ọjà tàbí owó, yóò dá dúró, yóò fẹ́ ìyàwó láti ilé, òun náà yóò sì ránṣẹ́ lọ mú àbúrò tirẹ̀ wá. Ìyàwó kì í jókòó. Òun náà a máa gba owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò lọ́wọ́ ọkọ, a sì máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Báyìí ni ìsọ̀ kan ń bí ìsọ̀ mìíràn, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Ghánà ní 1960, àwọn Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100,000: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ṣakí, ará Ìgbòho, àti àwọn ará agbègbè Ọ̀tìn tiwa yìí.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìpàdé tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ìnísà tí ó bá ṣàìsàn, ìpàdé ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tí ó bá kú, ìpàdé ni yóò sin ín. Èyí tí ó bá jẹ gbèsè tí ó fẹ́ sá lọ, ìpàdé ni yóò dá a dúró. Lórí àwọn ìpàdé wọ̀nyí ni olórí gbogbo Yorùbá ìlú náà wà, ẹni tí àwọn onílé mọ̀, tí ìjọba sì mọ̀, tí ó ń parí ìjà ọjà àti ìjà ọkọ òun aya. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àfáà àgbà wà, àti pásítọ̀. Ó yẹ kí a sọ èyí fún ìran tí ń bọ̀, pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Ghánà, àwọn oníṣòwò Yorùbá ni wọ́n gbé e débẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí Àjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà tó rán àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà sí wọn ní 1947. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Mùsùlùmí wa, tí Ìkìrun kò gbẹ́yìn nínú wọn, kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ilé kéú sí ibi tí wọ́n dé. Ní ìgbà Ọba Moses Oyinlọ́lá, tí ó wà lórí ìtẹ́ Òkukù láti 1934 títí di 1960, ẹni tí ó bá ti Gold Coast dé fún ọdún tàbí fún Iléyá, ẹni ńlá ni. Ohùn rẹ̀ ń dún nínú ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú, owó rẹ̀ sì ń dún jù ú lọ.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé ní 1957, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tí Ghánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olórí ẹ̀sìn ti dojú kọ òfin ní gbangba, ibẹ̀ sì ni òfin ti fi hàn wọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti gùn tó.

Ní Zongo ìlú Kumasi, tí í ṣe àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, Hausa àti Yorùbá àti àwọn mìíràn, Alhaji Amadu Baba ni Sarkin Zongo, olórí gbogbo wọn. Òun àti Alhaji Othman Larden Lalemie, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àlúfà gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe àwọn onímọ̀ Kùránì, jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Mùsùlùmí, Muslim Association Party, tí ó bá àwọn Àṣáńtì ṣọ̀rẹ́ láti tako Kwame Nkrumah. Nkrumah borí nínú ìdìbò. Ní oṣù kẹjọ 1957 ni ìjọba rẹ̀ mú ìwé jáde pé wíwà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí wà ní ìlú kò ṣe ará ìlú ní àǹfààní, kí a lé wọn lọ sí Nàìjíríà. Wọn kò sá, wọn kò sì gbé ìjà sí ìgboro. Wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ ní Kumasi, wọ́n ní ọmọ Ghánà ni àwọn, kò sì sí ìjọba tí ó lè lé ọmọ onílé jáde nílé bàbá rẹ̀. Èrò Zongo tú dà sí ẹnu ọ̀nà kóòtù.

Ìjọba kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Bí ẹjọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, wọ́n gbé òfin tuntun wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Accra, wọ́n sáré kà á, wọ́n fọwọ́ sí i, orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì sì wà lára òfin náà ní kíkọ sílẹ̀ gbangba gbàǹgbà, pé òfin yìí, ti Othman Larden àti Amadu Baba ni. Òfin tí a fi orúkọ ènìyàn méjì pè! Mo ti gbọ́ òfin tí ó bá olè wí, mo ti gbọ́ èyí tí ó bá apànìyàn wí, ṣùgbọ́n òfin tí ó na ìka sí lágbájá àti tàmẹ̀dò kò wọ́pọ̀. Wọ́n fi bàálù gbé wọn lọ sí Kano. Àwọn alátakò nínú ilé ìgbìmọ̀ pariwo, wọ́n ní èyí kì í ṣe òmìnira tí a jà fún. Olórí àwọn alátakò náà ni ọ̀mọ̀wé kan, ọmọ ìdílé ọba Wenchi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Kofi Abrefa Busia. Kí ọdún náà tó parí, òfin mìíràn ti ka ẹgbẹ́ òṣèlú tí a bá dá sílẹ̀ lórí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà léèwọ̀, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí sì wọ inú United Party lọ, lábẹ́ Busia kan náà. Ní 1959 òun fúnra rẹ̀ sá kúrò nílùú, ó di àlejò ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ fi orúkọ Busia sọ́kàn.

Àwọn ará tiwa gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zongo, ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn rò pé ọ̀ràn òṣèlú ni. Àwọn kò sí nínú òṣèlú; ọjà ni àwọn ń tà. Ohun tí wọn kò kíyè sí ni pé òfin ọmọ onílùú tí Ghánà ṣe ní 1957 ti gé wọn sọ́tọ̀ ní jẹ́jẹ́, nítorí pé ọmọ tí a bí ní Kumasi kò di ọmọ Ghánà nítorí ilẹ̀ tí ó ṣubú sí nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní òbí kan tàbí òbí àgbà kan tí a bí síbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti Ìnísà wá, tí ìyá rẹ̀ ti Òkukù wá, tí ó ń sọ èdè Twi ju Yorùbá lọ, àjèjì ni. Ní 1963 òfin àjèjì jáde, ó ní kí gbogbo àlejò gba ìwé ìgbélùú. Díẹ̀ ni ó gbà á. Ẹni tí ó ti gbé ìlú láti ọgbọ̀n ọdún wá, tí ó ń san owó ìsọ̀, tí ó ń san owó orí, tí olórí Yorùbá sì mọ̀ ọ́n, kò rí ìdí tí yóò fi lọ to ìlà ní ọ́fíìsì kí akọ̀wé kékeré kan lè sọ fún un pé ó ń gbé ibi tí ó ń gbé. Ìjọba pàápàá kò le koko mọ́ ọn.

A kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀bi onílé nìkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òtítọ́ ni pé nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù kejì 1966, gbèsè ti wọ Ghánà lọ́rùn, iṣẹ́ sì di ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n jáde ilé ìwé ń rìn kiri; bí wọ́n bá sì wọ ọjà, àwọn àlejò ni wọ́n ń bá nídìí ìsọ̀ tí ó dára. Àwọn tiwa náà kò sì ṣí ọwọ́ tó. Ọmọ ilé ni wọ́n ń kọ́ lówò, ọmọ ilé ni wọ́n ń jogún ìsọ̀ fún, owó tí wọ́n bá sì pa, ilé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí láti fi kọ́ àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo mẹ́nu bà níṣàájú. Ojú onílé kò gba èyí mọ́, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i, ìbínú tálákà sì jẹ́ ohun tí olóṣèlú tètè máa ń rí lò.

Busia padà dé, ó wọlé ìdìbò ní oṣù kẹjọ 1969, ó di olórí ìjọba. Kò tíì jókòó tó oṣù mẹ́ta tí àṣẹ náà fi jáde. Òfin 1957 pe orúkọ ènìyàn méjì. Òfin 1969 kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ó sì fi burú jù ú lọ, nítorí ta ni àgbà yóò lọ bẹ̀ nítorí ta ni? Ẹni tí ó darí àwọn tí wọ́n bú òfin àkọ́kọ́ ni ó fọwọ́ sí èkejì. Bóyá ó gbàgbé Zongo Kumasi tí ó ti ṣe olórí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ rí, bóyá kò gbàgbé ṣùgbọ́n ariwo àwọn tí wọ́n dìbò fún un borí ìrántí, ìyẹn di ọwọ́ àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ wọn. Lójú tèmi, kò sí ìwà tí ó dun ni tó ti ẹni tí ó ti jẹ àjẹkún ìyà àlejò, tí kò sì jẹ́ kí ó kọ́ òun ní nǹkan kan.

Oṣù Ràmàdáànì ti wọlé ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí àṣẹ náà tó jáde, ọjọ́ 2, oṣù kejìlá, tí àsìkò náà pé, sì bọ́ sí inú ààwẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Ìkìrun àti ti Ìnísà tí wọ́n wà ní Ghánà gba ààwẹ̀ sínú ìlà ìwé, wọ́n sì gba ààwẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn onígbàgbọ́ tí ń múra Kérésìmesì kó aṣọ ọdún pọ̀ mọ́ ìkòkò àti ẹní. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra kò gba ẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò bá wá ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ní ìwé kankan rí láyé wọn ju ìwé owó orí lọ. Àwọn olórí Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n lọ bá àwọn olóyè onílé tí wọ́n ti jọ jókòó tipẹ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi àkókò kún un. Wọ́n dúró fún àwọn arúgbó àti aboyún. Àfáà àti pásítọ̀ ń jẹ́rìí pé mo mọ ọkùnrin yìí, èmi ni mo sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, èmi ni mo so yìgì rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bọmi. Àwọn olóyè onílé mìíràn gbọ́ wọn, wọ́n sì káàánú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ olóyè ni ọ̀rọ̀ wà mọ́. Akọ̀wé tí ó wà nídìí tábìlì kò mọ ojú, kò mọ ìdílé, òǹtẹ̀ ni ó ń wá. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà Kumasi àti ọjà Tamale ní ọdún náà, àgbà wà lọ́jà, wọn kò sì rí orí ọmọ náà tún ṣe.

Ọjà tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di títà ní ìdajì, ìdajì di ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́rin di ohun tí ẹni tí ń rà á bá fẹ́ san. Gbèsè tí ó wà níta, níta ni ó wà. Àwọn kan fa kọ́kọ́rọ́ ilé àti ìsọ̀ lé ọ̀rẹ́ onílé lọ́wọ́. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ni a ti rí olóòótọ́, nínú wọn náà ni a sì ti rí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Èrò dí ojú ọ̀nà Tógò àti Dàhòmì. Wọ́n ní àwọn àjèjì tí wọ́n kúrò ní Ghánà láàárín oṣù mélòó kan yẹn, Nàìjíríà àti àwọn mìíràn, lé ní 200,000. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí ó ń kún dé ẹnu ọ̀nà di ibi tí olùṣọ́ nìkan ń ṣí fèrèsé. Ìjọ tí àwọn àlejò gbìn ni, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí àwọn onílé tó kún un. Nígbà tí ó di 1970, òfin mìíràn tún fi ọjà kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Ghánà nìkan, ìlẹ̀kùn tí a tì tẹ́lẹ̀ sì di èyí tí a fi irin dè.

Ilé tí wọ́n bọ̀ kò rọgbọ. Ogun abẹ́lé kò tíì parí. Oṣù kìíní 1970 ni ó tó parí. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn pàápàá ń gbóná: ọdún 1969 yẹn ni àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde sí owó orí, ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún náà ni wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn. Sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a bí ní Tamale ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí kan, tí ó ń bèèrè agbo ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó yàtọ̀ sí ti ará ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà kò ti ràn ní Ghánà, ó ràn nílé. Baálé yọ yàrá fún wọn, mọ́gàjí la oko fún ẹni tí ó lè roko, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dá owó, ọba àti ìjòyè parí ìjà lórí ilé tí ẹnìkan fi owó kọ́ láti òkèèrè tí àbúrò rẹ̀ sì ti gbà pé òun ni ó ni ín. Ẹni tí kò mọ ọkọ́ dì mú rárá pọ̀ nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí tún di ẹrù wọn: Ìbàdàn, Èkó, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, ibikíbi tí ọjà bá wà. Àwọn mìíràn kọrí sí Abidjan, níbi tí àwọn ará Ẹjìgbò ti ń ṣòwò tipẹ́.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1972, nígbà tí Busia wà ní London fún ìtọ́jú ara, Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò padà sílé mọ́. Ìlú Oxford ni ó kú sí ní 1978, ní ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ó lé jáde padà sí Kumasi àti Tamale lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwé wọn pé kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Èyí tí ó kù nínú ìtàn náà ni àwa kì í fẹ́ sọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà péjọ ní Èkó ní oṣù karùn-ún 1975, wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Ní 1979 wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Dakar pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì gbé ibẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà nígbà náà, ìyà sì ń jẹ Ghánà, àwọn ará Ghánà sì rọ́ wá: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, télọ̀, àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú odò Ọ̀tìn wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tí ilé ìwé hù bí olú tí kò sì sí olùkọ́, àwọn ará Ghánà ni ó kún ọ̀pọ̀ kíláàsì, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ náà ni a ti lè rí èyí tí bàbá rẹ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Kumasi ní 1969.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa nìkan ni wọ́n fi àkókò kún tiwọn títí di ìparí oṣù kejì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí wọ́n tún dí ojú ọ̀nà Dàhòmì àti Tógò, tí orúkọ Dàhòmì ti di Bẹ̀nẹ̀ báyìí, pẹ̀lú báàgì onílà pupa tàbí onílà búlúù tí àwa fi ẹ̀fẹ̀ sọ lórúkọ, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní. Póòpù John Paul Kejì sọ̀rọ̀ sí i láti Róòmù. Ìjọba Nàìjíríà dáhùn pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé Dakar fún wọn ti pé, wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú.